Ọjọ́ Mẹ́rìnlá: Ìjà Nàìjíríà àti Gánà, àti Ohun Tí Ó Yẹ Kí Á Rí Kọ́ Nínú Rẹ̀

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ahọ́n òun eyín ń jà, wọ́n sì ń parí rẹ̀. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa bí ọ̀rọ̀ aáwọ̀ tí ó máa ń wáyé láàárín Nàìjíríà àti Gánà bá délẹ̀. N kò tako òwe náà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi bá mi wò ó pé bí ahọ́n òun eyín bá jà, ahọ́n ni ó máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Eyín kì í ṣẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí bí ìjọba méjì bá ń jà. Àwọn tí kò sí níbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ìyà rẹ̀ máa ń jẹ.

Mo ní ìdí tí mo fi yan kókó ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá tí ó bí bàbá mi ṣòwò aṣọ ní Kumasi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìparí ọdún 1969 ni ó padà sílé, kì í sì í ṣe pé ó wù ú láti padà. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ Gánà kan gba yàrá nínú ilé wa. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó ń ṣe. A kì í pe orúkọ rẹ̀. 'Gánà' ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun náà sì ń dáhùn. Ìyá àgbà nìkan ni ó ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ kan, mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ní Kumasi, 'Àlátà' ni wọ́n ń pe àwọn, nítorí pé orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ẹnikẹ́ni tí ó bá ti apá ọ̀dọ̀ wa lọ nìyẹn. Wọ́n ní, "Ẹni tí wọn kò bá mọ orúkọ rẹ̀, lílé rẹ̀ kì í nira."

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìròyìn jáde lórí rédíò pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Nàìjíríà. Ìyá àgbà bi bàbá mi pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún wọn. Bàbá mi ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ni. Ìyá àgbà dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Iye tí wọ́n fún àwa náà nìyẹn."

Ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn ni àròkọ yìí dá lé lórí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìjà ọdún 1969 àti ti ọdún 1983 kì í ṣe ìjà méjì. Ìjà kan náà ni. Ebi inú ilé ni ó bí i, orí àlejò ni a sì gbé e rù.

Ọ̀rẹ́ Láti Ìgbà Pípẹ́

Kí Òyìnbó tó fa ààlà sí ilẹ̀ yìí ni àwọn oníṣòwò ti ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀, láàárín ilẹ̀ Haúsá, ilẹ̀ Yorùbá àti ilẹ̀ Aṣáńtì. Obì, aṣọ àti ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń tà fún ara wọn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá gba ilẹ̀ méjèèjì, ọ̀nà tún là sí i. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti lọ ń pàtẹ ní Gold Coast, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe Gánà nígbà náà. Láti Accra dé Kumasi, títí dé Tamale ní ìhà àríwá, kò sí ọjà ńlá kan tí a kò ti lè rí wọn. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin ìjọ Onítẹ̀bọmi sí ilẹ̀ náà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà kò gbẹ́yìn. Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó ṣe agbátẹrù ẹgbẹ́ WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925. J. B. Danquah ti Gold Coast wà nínú ẹgbẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, Kwame Nkrumah náà sì bá wọn ṣe nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín ọdún 1935 sí 1937, Nnamdi Azikiwe ni olóòtú ìwé ìròyìn African Morning Post ní Accra. Owó kan náà ni a ń ná, nítorí pé láti ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ó ń ṣe owó fún gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní apá ibí. Ọkọ̀ òfuurufú kan náà ni a sì ń wọ̀.

Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1957, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ó ní owó tirẹ̀, ó ní ọkọ̀ òfuurufú tirẹ̀. Nàìjíríà gba òmìnira tirẹ̀ ní 1960. Lóòótọ́, Nkrumah àti Balewa kò rí ojú ọ̀nà bákan náà nígbà tí wọ́n ń dá àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀ ní Addis Ababa ní 1963: Nkrumah ń fẹ́ kí gbogbo Áfíríkà wà lábẹ́ ìjọba kan kíákíá, Balewa ní ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni kí á máa fi rìn. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn àwọn olórí ni ìyẹn. Kò dé ọjà. Nínú gbogbo ohun tí a jọ ní nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ṣì wà tí kò túká: àjọ WAEC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Accra títí di òní. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka àròkọ yìí, ìwé ẹ̀rí tí ẹ fi wọ yunifásítì, ọwọ́ àjọ náà ni ẹ ti gbà á.

Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Àkọ́kọ́

Àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní oṣù Kejì ọdún 1966. Gbèsè pọ̀ lọ́rùn Gánà nígbà náà, iṣẹ́ sì wọ́n. Ní ọdún 1969, wọ́n dìbò, ẹgbẹ́ òṣèlú Kofi Busia sì wọlé. Ìjọba tuntun yìí kò tíì pé oṣù méjì nígbà tí ó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá pé kí àlejò yòówù tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, tàbí kí ó kẹ́rù rẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ni gbèdéke.

Ẹ jẹ́ kí á ronú sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí ó ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ obìnrin tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Kumasi. Òmíràn ti wà níbẹ̀ kí Gánà tó di Gánà. Òmíràn, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò mọ ọ̀nà Ọ̀fà rárá. Lójijì, ìwé tí ẹnì kan kò bèèrè rí wá di ohun tí yóò pinnu bóyá ènìyàn yóò sun ilé rẹ̀ tàbí kò ní sùn ún.

Ohun tí ó tún burú níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ọjà mọ̀ pé àwìn ni òwò ń gùn. Ìyá àgbà ní ìwé kékeré kan tí ọmọ ilé-ìwé kan ń bá wọn kọ orúkọ àwọn onígbèsè wọn sí. Nígbà tí àṣẹ yìí jáde, gbogbo onígbèsè mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni àwọn ní láti fi sá pamọ́. Ẹni tí ó ní ilé níláti tà á ní owó tí ẹni tí ó ń rà á bá dá, nítorí pé ọjọ́ ń lọ. Ìyá àgbà kó ìwé náà wálé. Wọn kò mọ̀ ọ́n kà, síbẹ̀ wọn kò sọ ọ́ nù.

Ìjọba wa kò rí ohun púpọ̀ sọ. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Nàìjíríà nígbà náà. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970 ni ó parí. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lọ bá aládùúgbò jà.

Ǹjẹ́ Gánà jèrè ohun tí ó ṣe? Ọwọ́ dín kù nínú oko kòkó, nítorí pé ọ̀pọ̀ alágbàṣe tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jẹ́ àlejò láti Upper Volta, tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí, àti láti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Ọjà tí ń bọ́ ìdílé gbọ̀n. Owó kòkó já wálẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, ìjọba níláti dín agbára owó rẹ̀ kù, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1972, àwọn ológun lábẹ́ Acheampong lé Busia lọ. Àlejò ti lọ tán. Ebi kò bá wọn lọ.

Ọwọ́ Yí Padà

Láàárín ọdún 1973 sí 1974, owó epo rọ̀bì fò sókè, àpò Nàìjíríà sì kún. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà péjọ sí Èkó, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó dá àjọ ECOWAS sílẹ̀. Ní Dakar ní ọdún 1979, wọ́n tún fẹnu kò pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́.

Báyìí ni ìrìn àjò ṣe yí padà. Àwọn ọmọ Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé nǹkan ti le gan-an ní ilé wọn. Wọ́n ṣe bíríkìlà, wọ́n ṣe káfíńtà, wọ́n rán bàtà, wọ́n ṣe iṣẹ́ ní èbúté. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n ṣe olùkọ́. Nígbà tí ìjọba ẹgbẹ́ UPN dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel láti 1979, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Àwọn ọmọ Gánà ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a di olùkọ́ yunifásítì lónìí ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.

N kò ní purọ́ pé àwọn ìjọba kò jà láàárín àkókò yìí. Nígbà tí ìjọba Rawlings pa àwọn olórí àná mẹ́ta ní oṣù Kẹfà ọdún 1979, inú ìjọba Nàìjíríà kò dùn sí i, ó sì dá epo tí ó ń tà fún Gánà dúró. Nígbà tí ìjọba alágbádá Limann dé, wọ́n parí rẹ̀. Nígbà tí Rawlings tún gbàjọba ní òpin ọdún 1981, ọ̀rọ̀ tún bà jẹ́. Báyìí ni ìjọba ṣe máa ń jà: wọn a fi ẹ̀hónú hàn, wọn a pe aṣojú wọn padà, wọn a dá ọjà dúró, wọn a ti ẹnubodè. Ohun tí ó wà nínú èyí tí ó kẹ́yìn yìí ju ilẹ̀kùn lọ, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Kejì

Láti 1981 ni owó epo ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró, ìjọba ìpínlẹ̀ mìíràn kò sì rí owó oṣù san. Ìbò sì ń bọ̀ ní 1983. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà, Alhaji Ali Baba, mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Shagari, kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò kí oṣù tó parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi oṣù kan kún un fún àwọn tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ gidi, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sí. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń dúró gbọ́ àlàyé nígbà tí gbogbo àdúgbò ti ń sá?

Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ sí Tógò láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982 nítorí àwọn onífàyàwọ́. Nígbà tí Tógò rí èrò tí ń bọ̀, ó ti ẹnubodè tirẹ̀; Bẹ̀nẹ̀ náà ti tirẹ̀. Àwọn ènìyàn há sí ojú ọ̀nà ní Sèmè, wọ́n há sí èbúté Àpápá, wọ́n há sí pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ọjọ́ 29 oṣù náà, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí gbèdéke pé, ni Gánà tó ṣí ọ̀nà. Àwọn ọmọ Gánà tí ó padà sílé tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan, nígbà tí gbogbo ènìyàn ilẹ̀ náà kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù méjìlá lọ. Ọ̀dá wà ní Gánà lọ́dún náà, iná sì jó oko. Egungun ọrùn ń yọ lára àwọn ènìyàn. Wọ́n fi ṣàwàdà, wọ́n ń pè é ní ẹ̀gbà ọrùn Rawlings. Síbẹ̀ àwọn ẹbí gba ẹni tiwọn wọlé, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dé ìlú ìyá tàbí ti bàbá wọn.

Ní ilé wa, káfíńtà náà ti kan ibùsùn kan fún ọlọ́jà kan ní àdúgbò, ẹni náà kò sì tíì san owó rẹ̀. Ó ń sọ pé kí ó padà wá lọ́la. Ìyá àgbà gbọ́. Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọlọ́jà náà láti àárọ̀. Wọn kò bá a jà. Wọ́n kàn ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá kọjá pé owó ọmọ ọlọ́mọ ni àwọn wá gbà. Kí oòrùn tó wọ̀, ó san án.

Àpò onílà tí káfíńtà náà kó ẹrù rẹ̀ sí ni àpò tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní 'Ghana must go' títí di òní.

Ìdí Tí Ìjà Fi Bẹ́ Sílẹ̀

Bí a bá gbé àṣẹ méjèèjì síwájú ara wọn, ohun mẹ́ta ni ó bára mu. Èkíní, owó ohun kan ṣoṣo tí ilẹ̀ náà gbójú lé ni ó ń fà á sókè sódò: kòkó ní Gánà, epo ní Nàìjíríà. Èkejì, ìjọba tí aráàlú dìbò yàn ni ó pa àṣẹ méjèèjì, wọ́n sì mọ̀ pé ìlú yóò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀kẹta, òfin tí ó ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n jí dìde lójijì.

Ẹnì kan lè sọ pé onílé ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí ó wà nílé òun. Òótọ́ ni. Àdéhùn Dakar kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ ju 90 ọjọ́ lọ, ọ̀pọ̀ àlejò sì ti kọjá rẹ̀. Wọ́n tún sọ nígbà náà pé àlejò wà nínú rògbòdìyàn Maitatsine àti nínú olè jíjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jalè, ilé ẹjọ́ wà fún un. Busia náà ní òfin lọ́wọ́ ní 1969, inú wa kò sì dùn. Ohun tí a pè ní ìkà nígbà tí wọ́n ṣe é sí wa, kò dára kí á pè é ní òfin nígbà tí ó kàn wá láti ṣe é.

Nàìjíríà pẹ̀lú kò jèrè rẹ̀. Owó epo kò padà sókè nítorí pé àlejò lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983 kan náà, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Shagari. Ní 1985, ìjọba Buhari tún lé nǹkan bí 700,000 àlejò, ìyà kò sì tán. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Àlejò àti Àjèjì

Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ́ èdè Yorùbá, mo rò pé èdè wa ní ohun kan láti sọ sí ọ̀rọ̀ yìí. A ní 'àlejò', a sì ní 'àjèjì'. Bí ẹnì kan bá dé sí ìlú, a máa ń bi í pé, "Àlejò ta ni ọ́?" Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè pé, "Àjèjì ta ni ọ́?" Ìdí ni pé àlejò ní ẹni tí ó gbà á sílé, tí yóò dáhùn fún un bí ọ̀rọ̀ bá ṣú. Àjèjì kò ní ẹnì kan. Ohun tí ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣe, ní 1969 àti ní 1983, ni pé ó sọ ẹni tí ó jẹ́ àlejò fún ogún ọdún di àjèjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Òfin ti gbọ́n díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ìwé àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí wọ́n gbà wọlé ní 1981, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986, kọ lílé àwọn àlejò lápapọ̀. Àdéhùn tí ECOWAS ṣe ní 1986 lórí ẹ̀tọ́ ìgbélùú kọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìjà kò tán. Òfin Gánà ti ọdún 2013 ní kí àlejò tí yóò bá ṣe òwò ọjà títà ní ó kéré tán mílíọ̀nù kan dọ́là. Ní 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀, ẹrù àwọn oníṣòwò Gánà sì há sí Sèmè. Àwọn oníṣòwò Gánà ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, wọ́n wó ilé kan nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Accra, Ààrẹ Akufo-Addo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ààrẹ Buhari. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan tún jáde ní Accra pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Àwọn olórí méjèèjì yára pẹ̀tù sí i. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jáde yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì dáyé ní 1983.

Ìkádìí

Ẹni tí ó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òkò tí Gánà sọ ní 1969 padà bá ọmọ Gánà ní 1983. Èyí tí a sọ ní 1983 kò tíì balẹ̀ tán.

Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa kò pọ̀. Àwọn tí wọ́n ti Gánà dé ní 1969 ń dàgbà, wọ́n sì ń kú. Ẹ lọ bá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ṣakí. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ àdúgbò tí wọ́n gbé, ohun tí wọ́n ń tà, orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ń wá kókó ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kò ní láti wá a lọ jìnnà.

Ìwé kékeré ìyá àgbà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ mọ́kànlélógún ni ó wà nínú rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ Aṣáńtì ni púpọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà kan mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń tọ́jú gbèsè tí kò ní san mọ́. Wọ́n ní àwọn kò tọ́jú rẹ̀ nítorí owó. Wọ́n ní oníbàárà àwọn ni gbogbo wọn, àwọn kò sì fẹ́ gbàgbé orúkọ wọn.